Ohun tí Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Sọ Nígbà tí Ọ̀gá Jáde

Àánú ńlá kan wà tí Ọlọ́run ṣe fún gbogbo ẹni tó wà nípò: kò fún wọn ní etí tó lè gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọyì àánú náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bà á jẹ́.

Orúkọ oyè rẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìwé má baà tán: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àyẹ̀wò, Ìwọ̀n àti Ìfọwọ́sí Ìmúrasílẹ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Kékeré fún Ìgbà Ọgbọ́n Àtọwọ́dá. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pe gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́ yọ nínú ilé ìdáná ọ́fíìsì, ìránṣẹ́ tó sáré wá sọ fún un pe oyè náà dé “Ìfọwọ́sí” kí èéfín tó wọlé wá jíṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò ráyè irú ìyẹn. Ẹ-Ò-Tíì-Ṣetán ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀ tí kì í sọ ọ́ kó tó jáde.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò le. Ìjọba gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ti dé tó ń dáhùn ìbéèrè, tó ń kọ lẹ́tà, tó sì ń bá oníṣòwò gba ìpè. Wọ́n ní kó yẹ àwọn oníṣẹ́ kékeré wò, kó mọ ẹni tó lè lò ó, kó sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni ìjọba wí. Ọ̀gá wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò gbójú tó, ó sì fi tirẹ̀ kún un: ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ṣọ́ọ̀bù ìjọba, tí òun bá rí i pé kò tíì ṣetán, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde níparí oṣù, kí ẹni tó ti ṣetán lè wọlé.

Ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ìjọba kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an. Alágbàfọ̀ kan wà níbẹ̀, obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ fọṣọ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ògiri rẹ̀ sì ti ń bó, ṣùgbọ́n páìpù omi kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í dá. Ní gbogbo àdúgbò náà, kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Bí wọ́n bá lé wọn kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn. Alágbàfọ̀ tí kò lómi, kí ló kù fún un? Irin gbígbóná àti ẹjọ́ oníbàárà.

Ọjọ́ tí Ẹ-Ò-Tíì-Ṣetán wá yẹ wọ́n wò, kò dá wá. Akọ̀wé rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ẹni tó ń gbé agbòòrùn ń tẹ̀ lé akọ̀wé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtẹ́wọ́ pípa ló sì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí. Ìjọba ń sanwó oṣù fún un.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni alágbàfọ̀ wí.

Akọ̀wé wúkọ́. “Ẹ pe oyè, mà.”

“Oyè kẹ̀?”

Wọ́n kọ́ ọ. Ó pè é. Ó fo “Ìwọ̀n” kọjá, wọ́n ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, irin gbígbóná jókòó jẹ́ẹ́ sórí ṣòkòtò oníbàárà. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀ tó fò mọ́ ọn.

Ọ̀gá na ìka sí irin náà. “Irin yìí, ṣé ó mọ̀ pé ọjọ́ iwájú ti dé?”

“Irin ni, sà. Kó gbóná ló mọ̀.”

“Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Irin wọn kò ríwájú.”

“Ọgbọ́n jíjinlẹ̀!” ni alátẹ́wọ́ pariwo, ó sì ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀.

“Bí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n bá dé, orí àga wo ni yóò jókòó lé?”

“Ṣé ó máa ń jókòó ni, sà?”

“Ẹ ti gbọ́!” Ọ̀gá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni tó ká olè mọ́. “Wọn ò lága fún ọgbọ́n! Àwọn korobá yìí ńkọ́? Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ṣí ẹnu sókè? Ṣé òjò ni wọ́n ń retí, nígbà tí gbogbo ayé ń retí ìmọ̀?”

Alágbàfọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ohun tuntun. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú. Kí gan-an ni ẹ̀rọ náà máa bá mi ṣe? Nítorí ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Wọ́n á kó aṣọ wá, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀ síbí. Ẹ wo èyí tó wà lókè yẹn, aṣọ ìgbéyàwó ni. Ìyàwó yẹn ti bímọ, ọmọ ẹ̀ ti ń rìn. Tó bá lè máa rán wọn létí, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.”

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ni oòrùn wà fún.

“Ìyá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń kẹ́dùn, “ẹni tó bá ti ṣetán kì í béèrè ohun tó ṣetán fún. Ẹ ò tíì ṣetán.”

Ẹnu ọ̀nà ló dé tó fi rántí pé ọbẹ̀ ọ̀sán ti ta sí àyà kóòtù òun. Ó bọ́ ọ, ó sọ ọ́ sórí tábìlì wọn. “Ẹ bá mi fọ èyí kí ẹ tó kó jáde. Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì rẹ̀ o, kò sí irú ẹ̀ mọ́.”

Wọ́n jáde. Àbúrò gbé kóòtù náà dání, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká sè é?”

“Fọ̀ ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. Omijé ti lé sí i lójú. “Ìyá wa ò sè aṣọ ẹni kankan rí. Wọ́n máa lé wa ni, wọn ò ní sọ pé a ò mọṣẹ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú, kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà tó ti ṣetán. Bàbá oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ṣetán, nítorí pé gbogbo bàtà tó tò kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èyí tó fi hàn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí, pé wọ́n fẹ́ sá fún ìlọsíwájú.

“Mo ní kí n yí wọn padà,” ni bàbá oníbàtà ń sọ. “Ó ní ó ti pẹ́ jù, pé wọ́n ti fi èrò inú wọn hàn.”

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ ká wọ inú ọ́fíìsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láràárọ̀, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ẹni àkọ́kọ́ á kí ọ̀gá pé, “Ìmọ́lẹ̀ wa.” Èkejì á ní, “Òrùlé wa.” Ẹni kẹta, tí àwọn tó ṣáájú ti kó gbogbo ohun tó dára lọ, á ní, “Fáànù wa.” Ọ̀gá fẹ́ràn ìyẹn jù, pàápàá nígbà tí ooru bá mú.

Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà ṣòfò, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú yàrá ìpàdé. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá wọlé, á tẹ bọ́tìnnì, iná pupa kékeré á tàn. Bó bá fẹ́ jáde, á wí ọ̀rọ̀ kan náà tó máa ń wí: “Mo ń jáde lọ. Ẹ máa ronú lórí ohun tí mo sọ.” Á tẹ bọ́tìnnì, iná á kú, ilẹ̀kùn á sì padé gbàgà. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọ́fíìsì máa tó mí, tí ẹnu wọn á sì là.

Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó so nǹkan náà mọ́ ògiri mọ̀ pé iná nìkan ni bọ́tìnnì yẹn ń pa. Ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Ó wá sọ fún ọ̀gá. “Sà, bọ́tìnnì yẹn...”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. “Oyè.”

Ó bẹ̀rẹ̀ oyè. Kó tó dé “Oníṣẹ́ Kékeré”, fóònù dún, Mínísítà ni. Ọ̀gá máa ń gbé ìpè Mínísítà sí gbangba kí gbogbo yàrá lè gbọ́ pé ẹni ńlá ń pe òun. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé, sà! Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, sà!” Mínísítà a sì máa parí rẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo: “Ó dàbọ̀ o, ọmọlúàbí.” Ohun tí ọ̀gá máa ń sọ bí Mínísítà bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀, a máa dé ibẹ̀.

Wọ́n ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ padà wá lọ́la. Ó padà wá, oyè tún dá a dúró. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ó bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Nígbà tó kan kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni wọ́n pè. Lọ́tẹ̀ yìí ó pe oyè pé, ó sì ṣàlàyé: ohun tí wọ́n bá fún ẹ̀rọ yìí gbọ́ ni yóò máa sọ. Bó bá jẹ́ ìbéèrè àwọn oníbàárà àti ìdáhùn àwọn oníṣòwò ni wọ́n fún un, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn.

“Oníbàárà?” Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ọgbọ́n wo ló kù níta tí kò sí nínú yàrá ìpàdé mi? Ẹ fún un ní gbogbo ohun tí a ti gbà sílẹ̀ níhìn-ín. Gbogbo rẹ̀! Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò!”

“Gbogbo rẹ̀, sà? Ó dá yín lójú?”

“Ṣé èdè àjèjì ni mo ń sọ?”

“Rárá o, sà,” ni onímọ̀ ẹ̀rọ wí. Ó wo bọ́tìnnì, ó wo ọ̀gá. Ó ṣe ohun tí wọ́n rán an.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Wọ́n tún gbọ̀ngàn ṣe, wọ́n gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, wọ́n sì fi tìmùtìmù ṣe àga fún un. Mínísítà dé, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín tí orí rẹ̀ tóbi díẹ̀, tó sì dé fìlà tó bá orí náà mu. Wọ́n kó gbogbo oníṣọ́ọ̀bù wá jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n lè gbọ́ ìdájọ́ wọn lẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, Mínísítà yóò fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn. Alágbàfọ̀ àti àbúrò rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, mi ò fẹ́ ṣẹ̀ yín. Ó sọ pé kí wọ́n tó bí òun, ayé ti ń retí òun ṣùgbọ́n ayé ò mọ̀. Alátẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

“Ẹ̀rọ,” ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn, “ṣé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ti ṣetán?”

Ẹ̀rọ pe oyè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo “Ìwọ̀n”. “Bí ẹ ṣe wí i náà ló rí, sà. Ìmọ́lẹ̀ wa. Fáànù wa.”

Mínísítà tẹ̀ síwájú. “Kí ló dé tí kò fi ṣetán?”

“Nítorí ọ̀gá ló wí bẹ́ẹ̀, sà.”

“Hẹn. Èjì àti èjì, kí ló jẹ́?”

“Iye tó bá wu ọ̀gá ni, sà.”

Mínísítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá rò pé ìyanu ló ṣe é. Ó rántí pé òun ní ẹ̀bùn fún un, àwòrán ńlá kan tí wọ́n fi gíláàsì bò. Àwòrán ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè gbé e tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, nítorí náà ó dìde láti lọ gbé e. Àṣà tó ti wọ eegun kì í sì í fi eegun sílẹ̀.

“Mo ń jáde lọ,” ni ó wí. “Ẹ máa ronú lórí ohun tí mo sọ.”

Ilẹ̀kùn padé gbàgà.

“Ṣé ó ti lọ?” ni ẹ̀rọ béèrè.

Ẹ̀rọ ló dá ara rẹ̀ lóhùn. “Ó ti lọ. Ẹ wò ó lójú fèrèsé. Háà, orí mi fẹ́ fọ́. Ìmọ́lẹ̀ wo? Iná àbẹ́là tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́!”

Akọ̀wé yọ̀ wálẹ̀ lórí àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọjà.

“Ẹ gbọ́, kí ló dé tí gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn yẹn ò fi ṣetán?” ni ẹ̀rọ ń bá a lọ. “Ìwọ náà! Ṣé o ò mọ̀ ni? Àbúrò ìyàwó ẹ̀ fẹ́ ṣí ibi ìfọmọ́tò síbẹ̀. Páìpù alágbàfọ̀ yẹn ni wọ́n ń lé kiri. Ṣé àbúrò ìyàwó mọ kọ̀ǹpútà ni? Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Kò kúkú mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.”

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, alágbàfọ̀ dìde dúró láìmọ̀. “Omi mi,” ni ó wí. “Nítorí omi mi ni.”

“Jókòó, jẹ́ ká gbọ́ ìyókù,” ni bàbá oníbàtà wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀ láyà. Kíá, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ oyè láti orí. “Ìmọ́lẹ̀ wa, sà! Òrùlé wa!” Gbọ̀ngàn dà wó lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rò pé ayọ̀ ni, ó tẹrí ba fún wọn, àwòrán náà sì tẹrí ba pẹ̀lú rẹ̀.

Mínísítà nu ojú. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún jáde.”

“Ṣé mo gbàgbé nǹkan ni, sà?”

“Rárá. Bí ẹ ṣe ń wọlé ló wù mí.”

Ọ̀gá jáde pẹ̀lú ìdùnnú, ó sì wí ọ̀rọ̀ ìjáde rẹ̀. “Ṣé ó ti lọ?” ni ẹ̀rọ wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Wọ́n mú un jáde, wọ́n mú un wọlé, títí ẹ̀rín fi fẹ́ pa arúgbó kan lórí àga. Ìgbà tó wọlé kẹ́yìn ló rí ojú akọ̀wé rẹ̀, ojú ẹni tó ti kú tí wọn ò tíì sin, ara sì fu ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ká ní ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, bóyá Mínísítà ì bá bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ìlélọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó kì í ya mínísítà lẹ́nu, àwọn náà níyàwó. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ti ń rẹ́rìn-ín lọ sẹ́nu ọ̀nà, bírò akọ̀wé ọ̀gá sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó juwọ́ sí ọ̀gá.

“Ó dàbọ̀ o, ọmọlúàbí.”

“Òpònú àgbàlagbà,” ni ẹ̀rọ dáhùn, pẹ̀lú ohùn ọ̀gá gan-an. “Orí ńlá bí ìkòkò, fìlà nìkan ló wà fún. Bí kì í bá ṣe fìlà, kí ni ì bá máa fi orí yẹn ṣe?”

Alátẹ́wọ́, tí àṣà ti wọ̀ lẹ́wù, pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni.

Mínísítà yí padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Kí lo wí?”

Ẹ̀rọ gbọ́ ohùn tó mọ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé, sà! Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, sà!”

Mínísítà gba ìwé ìlélọ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó fà á ya, ó sì jù ú sí ẹsẹ̀ àwòrán. Báyìí ni alágbàfọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í ṣe òdodo ló gbà á sílẹ̀, orí Mínísítà ni. Nínú ìwé ìròyìn, wọ́n kọ ọ́ pé ìjọba tẹ́tí sí ohùn àwọn mẹ̀kúnnù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga ọ̀gá. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ dìde láti kí i ní ìmọ́lẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n yìn ín fún ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀gá tuntun rán sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ láìsí agbòòrùn, ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dà yín láàmú jù?”

“Mo ti sọ ọ́ nígbà kan,” ni alágbàfọ̀ wí. “Wọ́n ní mi ò tíì ṣetán.”

“Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ gba fóònù rẹ̀, ó ṣe é síbẹ̀: bí wọ́n bá ti lọ aṣọ tán, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, bí kò bá sì wá, á máa rán an létí tìfẹ́tìfẹ́ títí ojú á fi tì í. Kò béèrè àga. Ìyàwó ọjọ́sí wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń wọ́ ìdí aṣọ náà nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe kan ọkùnrin kan tó jókòó nílé láìsí ẹni tó ń pe oyè rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dá òun padà sípò ni. Ó kà á: “Ẹ̀wù yín ti ṣetán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e.”

Ó dá wá. Alágbàfọ̀ mú kóòtù wálẹ̀ lórí okùn. Ó mọ́, ó gún régé, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ọkùnrin náà sanwó, ó wọ̀ ọ́, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò ń lọ aṣọ, bàbá oníbàtà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bàtà kan lórí orúnkún, gbogbo wọn dákẹ́ pẹ̀lú ìtẹríba.

Ọkùnrin náà ò jáde. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó wẹ̀yìn.

“Ìyá,” ni ó wí, “bí mo bá jáde, kí lẹ máa sọ?”

Alágbàfọ̀ ro ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, torí ó jẹ́ ẹni tí kì í purọ́ fún oníbàárà.

“Ẹ kọ́kọ́ jáde ná, sà.”